Èyí Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Àárọ̀ Sátidé, ìrì ò tíì gbẹ lójú ewé,
Olúgbémi Ṣóbándé ti Àlàbàtà wọ àgbàlá wa ní Ìtókò
pẹ̀lú ìwé, tépù, àti bàtà òjò tó tóbi jù ú lọ.
Ó ní àwọn ń ka ìdílé ọ̀gẹ̀dẹ̀
láti Ọdẹ́dá títí dé etí odò Ògùn,
kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ta.
Ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀:
"Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wá bàbá rẹ̀ ni, àbí ìwọ?"

Èmi ni mo di etí tépù mú.
Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òǹkà láti ení dé àrún:
Ṣé ara igi ní àbàwọ́n dúdú, àbí ó mọ́ roro?
Ihò ọrùn ewé, ṣé ó yanu ni, àbí ó panu dé?
Abala tó bo òdòdó, ṣé ó ń ká sẹ́yìn bí etí ìwé àtijọ́
kó tó já bọ́, àbí gbọnrangandan ló ń dúró?
Ó ń kọ, ó ń fẹnu kà á,
oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun.
A mọ̀ pé oje yẹn kì í kúrò lára aṣọ.
A ò sọ fún un.

Ìyá àgbà ò dúró de ìbéèrè.
"Àgbagbà nìyí. Ìka rẹ̀ ò pọ̀,
ṣùgbọ́n ọmọdé jẹ ẹyọ kan, ó ti yó.
Ọ̀mìnì nìyẹn, bí ìka ọmọ ìkókó,
tí àlejò á jẹ méjọ, tí á tún máa wojú rẹ.
Pàràǹta rèé. Bí àgbagbà bá wọ́n lọ́jà Kútọ̀,
òun la fi ń tan ikùn jẹ.
Gbọọrọ tọ̀hún, nínú ilé yìí, Ṣàró là ń pè é;
dé Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, ó ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn,
wọ́n á sì bá ọ jà lé e lórí."

Ṣóbándé dá kálàmù dúró.
Ó ní baba ńlá méjì ni gbogbo wọn ní,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó méjì, inú wọn kún fún kóró
líle bí òkúta wẹ́wẹ́,
tí wọ́n pàdé nílẹ̀ jíjìn, lókè òkun,
kí ẹnikẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀gbá.
Ọ̀kan ń jẹ́ A, èkejì ń jẹ́ B.
Àgbagbà: A méjì, B kan.
Pàràǹta, bí òun ṣe rò ó: A kan, B méjì.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.
"Ìyẹn ò ṣòro. Bàbá mi, Òwu. Ìyá mi, Gbágùrá.
Ìyá tó bí ìyá mi, Ìbarà.
Kí lo máa kọ sí mi lára?"
Ó fẹ́ kọ ọ́ lóòótọ́. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ló dá ọ̀rọ̀ rú.
Ara igi rẹ̀ pupa bí ẹrẹ̀ ọ̀nà wa,
èso rẹ̀ kúkúrú, ó sanra, ó nígun bí ilé,
inú rẹ̀ á ti pọ́n tán kí èèpo tó gbọ́.
Ṣóbándé kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òǹkà ò bára mu.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: A kò mọ̀ ọ́n.
Mo kà á sókè.

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?
Ọkọ mi ló gbé e sọ̀ ní téṣàn Láfẹ́nwá,
nínú àpò tútù, lọ́dún tí a bí Múìbátù.
Ẹni tó fún un nínú ọkọ̀ ò sọ orúkọ,
òun náà ò sì rántí bèèrè.
Ó ti bímọ, ọmọ rẹ̀ ti bímọ,
kò ní kóró kan, kò sì yàgàn.
Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, òun la sè fún àwọn tó gbẹ́lẹ̀.
Kọ Rélùwéè."

Ó kọ Rélùwéè.
Ó bi wá bóyá bó ṣe kọ ọ́ tọ̀nà. Ta ló mọ̀?

Wọ́n ní kí n wú ọmọ kan fún un,
kó lọ gbìn ín sáàárín àwọn tó ní lẹ́tà.
Ó so ó mẹ́yìn ọ̀kadà,
ewé rẹ̀ kan ṣoṣo ń jù, ń jù, títí dé kọ́nà.

Ìyá àgbà ti padà sídìí ọ̀mìnì, wọ́n ń ka ìka rẹ̀.
"Ẹnìkan ti já méjì níbí."
Èmi ni.